Ohun Tí Ẹ̀rọ Apátí Fi Hàn: Lórí Ìbọn Àwòṣe ti Ààlà Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ìbọn kan ti gbà mí lọ́kàn, tí kò sì fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ìbọn tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí ni. Ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, igi walnut ni ìdí rẹ̀, idẹ dídán ni wọ́n sì fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Hawken ni orúkọ tí a fi tà á. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá náà kì í ṣe St. Louis, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń jẹ́ Hawken ti ṣe iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Rochester ni, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ibi tí ó jìnnà réré sí odò Missouri tí ó ṣàn nítòsí St. Louis. Ọ̀rẹ́ mi kan jogún ìbọn yìí lọ́wọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ojúlówó ni?

Ìdáhùn kan wà tí ó rọrùn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ìbọn máa ń fún ni: rárá, ilé iṣẹ́ ìgbàlódé ni ó ṣe é, kò sì jọ tàtijọ́ tó. Ìdáhùn kejì náà rọrùn: kí ni ó kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣebí ó ń dún, ṣebí èéfín funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣebí inú ẹni tí ó ni ín ń dùn? Mo gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, kò sì sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń ka ìṣó, wọ́n ń wọn íńṣì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Àwọn ti èkejì ń sọ pé ìtàn kò ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn gan-an ni ohun tí a tà fún ẹni tí ó ra ìbọn náà. Bí kì í bá ṣe nítorí ìtàn ni, ìbọn ìgbàlódé tí ó yára jù ú lọ ni ì bá rà.

Bí ti àwọn Hawken ṣe rí

Jacob Hawken àti Samuel àbúrò rẹ̀ wá láti Hagerstown ní ìpínlẹ̀ Maryland, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn sì ni wọ́n. Jacob ni ó kọ́kọ́ dé St. Louis. Samuel dé ní 1822, ní àkókò tí ìlú náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún gbogbo ẹni tí ó bá ń lọ sí àwọn Òkè Rocky ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láti dẹ pàkúté fún ẹranko beaver nítorí awọ rẹ̀. Àrùn onígbáméjì pa Jacob ní 1849. Samuel ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, àgbẹ̀dẹ náà sì bọ́ sọ́wọ́ John Gemmer ní 1862, Gemmer sì ni ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní 1915.

Ìbọn tí ó sọ orúkọ wọn di ńlá kì í ṣe ìbọn ẹlẹ́wà. Ráífù ni: ìlà wẹ́wẹ́ tí ó yí po wà nínú ihò ọ̀pá rẹ̀, àwọn ìlà náà ni ó sì ń mú kí ọta òjé róbótó tí a fi aṣọ wé máa pòòyì bí ó ti ń lọ, kí ó má baà ṣìnà. Ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń gùn tó íńṣì 34, ó nípọn tó íńṣì kan tàbí kí ó lé díẹ̀, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 0.53. Gbogbo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kílò 4.5 sí 5, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin ni wọ́n fi ṣe ohun ara rẹ̀, kì í ṣe idẹ, àwọ̀ ìpẹtà ni wọ́n sì fi kùn ún kí ó má baà máa kọ mànà. Irin gígùn méjì ni wọ́n fi há ọrùn igi náà mọ́ra, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí ìṣó oníyìí so wọ́n pọ̀ la igi já. Ọrùn igi yìí ni ìbọn ti máa ń ṣẹ́ bí ẹṣin bá gbé ẹni ṣubú. Ohun tí àwọn Hawken ń tà fún ọdẹ tí ó ń lọ sí orí òkè nìyẹn: ìbọn tí kì yóò ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn tí yóò tà á fún un.

Ní 1970, ilé iṣẹ́ Thompson/Center ní Rochester gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n pè ní Hawken. Ọ̀pá tirẹ̀ jẹ́ íńṣì 28, ó fúyẹ́ ju ti St. Louis lọ, idẹ ń kọ mànà lára rẹ̀, a sì lè tún ìfojúsùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe sókè sódò. Àwọn ènìyàn rà á gan-an, pàápàá bí ayẹyẹ igba ọdún òmìnira Amẹ́ríkà ní 1976 ti ń sún mọ́lé. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wà láyé lónìí, ìbọn yìí ni àwòrán tí ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn bí a bá dárúkọ Hawken. Ó jẹ́ ìbọn dáradára. Mo sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pẹ̀gàn rẹ̀ lónìí, òun ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń ki ìbọn.

Ọjọ́ tí a tú ẹ̀rọ apátí

Ohun tí ó yí èrò mi padà kò ju wákàtí kan lọ. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Missouri, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìbọn bí ti àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì kan náà. Bàbá náà kò wo orúkọ ìbọn, kò sì wọn ọ̀pá rẹ̀. Ó tú ìṣó, ó sì yọ ẹ̀rọ apátí jáde kúrò nínú igi. Ẹ̀rọ yìí ni ọkàn ìbọn: pátákó irin pẹlẹbẹ kan ni, apátí wà ní ìta rẹ̀, sípíríngì tí ó ń ju apátí síwájú sì wà nínú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Lẹ́yìn náà, ó lọ gbé ìbọn mìíràn wá láti orí ògiri, ìbọn ọdẹ lásán kan láti àwọn ọdún 1840, tí kò sí orúkọ olókìkí kankan lára rẹ̀, ó sì yọ tirẹ̀ náà. Ó tẹ́ méjèèjì sórí aṣọ funfun, ó dojú inú wọn sókè.

Nínú ti New Hampshire, wáyà líle tí a yí po ni sípíríngì rẹ̀, irú èyí tí a lè bá nínú ẹ̀rọ púpọ̀ lónìí. Nínú ti àtijọ́, ewé irin kan ni, tí alágbẹ̀dẹ ti tẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ó ti fi iná àti òróró mú le, àmì fáìlì sì ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wo èyí, ó wo ìyẹn, ó sì mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Bàbá náà yí ẹ̀rọ àtijọ́ padà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó sì ní kí a wo ojú rẹ̀ dáadáa. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kì í sì í ṣe orúkọ ará Missouri. Birmingham ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti rọ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, tí oníṣòwò irin kan tà á ní pọ̀ọ̀pọ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó bi wá léèrè pé: "Ta ni ó wá ṣe ìbọn yìí?" Kí a tó dáhùn, ó fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá rẹ̀ náà jẹ́ èyí tí a rà lọ́wọ́ àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀pá ìbọn lọ. Iṣẹ́ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní olùṣe rẹ̀ ni pé ó gbẹ́ igi, ó fi fáìlì mú gbogbo rẹ̀ bá ara mu, ó dán an wò bóyá ó ń lọ tààrà, ó sì fọwọ́ sọ̀yà fún ẹni tí ó rà á.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá náà. Láti ìgbà tí àwọn ará Jámánì ti ń ṣe ráífù gígùn ní agbègbè Lancaster, ní Pennsylvania, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni òwò ẹ̀rọ apátí láti òkè òkun ti ń lọ déédéé, omi sì ni ó ń gbé òòlù ńlá tí wọ́n fi ń lu ọ̀pá ìbọn ní àwọn ilé iṣẹ́ etí odò. Àwòrán tí a gbé sí wa lọ́kàn, ti alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo nínú igbó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ irin àti igi di ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bá bí ọ̀pọ̀ ìbọn wọ̀nyí ṣe dé ayé mu. Bí a bá fi àwòrán náà ṣe òṣùwọ̀n, ìbọn àtijọ́ fúnra rẹ̀ kì yóò yege.

Ibi tí èmi àti bàbá náà ti yà

Bàbá náà fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú. Ó ní bí alágbẹ̀dẹ ọdún 1840 bá rí sípíríngì wáyà rà ní owó pọ́ọ́kú, òun ni ì bá rà, nítorí náà kí a yé fi í ṣe ẹ̀sùn. Níbi yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni mo sì ń rò láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìbọn náà ń lọ. Láti St. Louis dé àwọn Òkè Rocky, ìrìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni, àwọn ilé ìṣòwò olódi tí ó wà lójú ọ̀nà kò sì pọ̀. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, a máa ń rí alágbẹ̀dẹ kan tí ó ní ẹwìrì, ọmọ owú àti fáìlì. Bí sípíríngì ewé bá kán, alágbẹ̀dẹ yìí lè mú irin mìíràn, kí ó lù ú, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó mú un le, kí ọdẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ra ìbọn mọ èyí, àwọn tí wọ́n tà á náà mọ̀ ọ́n. Ewé irin náà bá ayé tí ó wà nínú rẹ̀ mu, ọwọ́ tí ó lè tún un ṣe wà káàkiri. Ayé mìíràn ni sípíríngì wáyà ti wá, ayé tí ilé iṣẹ́ ti ń fi èyí tí a pààrọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni nínú àpò ìwé. Kò sí àbùkù nínú ayé yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé ọdẹ beaver.

Nípa báyìí ni mo fi dé ibi tí mo wà nísinsìnyí. Ẹlẹ́rìí ni ìbọn àwòṣe, ìyẹn ìbọn tuntun tí a ṣe kí ó jọ ti àtijọ́. A kò retí pé kí ẹlẹ́rìí mọ ohun gbogbo. Ohun tí a retí ni pé kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, kí ó má sì sọ pé òun wà níbi tí òun kò sí. Ìbọn Rochester lè jẹ́rìí nípa ẹ̀tù dúdú, nípa èéfín àti òórùn rẹ̀, nípa bí ọwọ́ ti ń dọ̀tí, nípa sùúrù tí ó wà nínú kí a máa ki ìbọn nígbà tí ẹran ń sá lọ. Lórí nǹkan wọ̀nyí, òótọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò lè jẹ́rìí nípa bí ó ti rí láti gbé kílò márùn-ún irin kọjá orí ẹṣin ní gbogbo ọjọ́, tàbí nípa ohun tí ọdẹ ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ apátí bá bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn yóò ní láti lọ bi ìbọn mìíràn.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ ìbéèrè yìí dé gbòǹgbò. Ní Williamsburg, ní ìpínlẹ̀ Virginia, Wallace Gusler, alágbẹ̀dẹ ìbọn, àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ padà sí ìdí ààrò ní àwọn ọdún 1960. Fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní 1969 fi hàn bí ó ti mú irin pẹlẹbẹ, tí ó sọ ọ́ di pípọ́n nínú iná, tí ó ká a yí irin róbótó kan po, tí ó sì ń lù ú díẹ̀díẹ̀ títí etí méjèèjì fi jó pọ̀ di ọ̀pá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó lu ihò rẹ̀, tí ó tọ́ ọ, tí ó sì fi ọ̀bẹ kékeré kan tí igi oníyìí ń darí gé ìlà inú rẹ̀, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, léraléra. Kí wọ́n tó ṣe èyí, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun tí apá ènìyàn mọ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ìbọn tí ó jọ èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ gbé lọ sí ààlà, ìpẹ̀kun ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ti tẹ̀dó sí nígbà náà, èyí tí a ra ọ̀pá àti ẹ̀rọ apátí rẹ̀ lè sún mọ́ ọn ju èyí tí ọwọ́ kan ṣe tán lọ. Àwòṣe méjèèjì jẹ́ òótọ́, ìbéèrè tí a lè bi wọ́n ni kò dọ́gba.

Òfin ọdẹ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania mọ ìyàtọ̀ yìí lọ́nà tirẹ̀. Àkókò kan wà lẹ́yìn Kérésìmesì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń fi ìbọn olókùúta ìṣáná ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Òfin náà kò béèrè ọjọ́ orí ìbọn, bí iná ṣe ń dé ìdí ẹ̀tù ni ó béèrè. Nígbà tí olùṣe ìbọn kan tí ń jẹ́ Tony Knight gbé ìbọn tirẹ̀ jáde ní 1985, tí a ń ti ẹnu kì ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jọ ti ìbọn ìgbàlódé, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbà á wọlé sí àkókò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìbọn àtijọ́. Lójú tèmi, Pennsylvania ni ó mọ ohun tí ó ń dáàbò bò.

Birmingham àti ṣakabùlà

Orúkọ Birmingham tí mo rí lára ẹ̀rọ yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Láti ìlú kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn ti dé etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń fi ìbọn ra ènìyàn, àti lẹ́yìn ìyẹn nígbà tí òwò epo pupa gba ipò rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tú wọn, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń rọ tiwọn. Títí di òní, ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń gbé ṣakabùlà lọ sí igbó, wọ́n sì ń yìn ín níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a rọ ní àgbẹ̀dẹ tí kò jìnnà sí ilé ẹni tí ó ni ín.

Kò sí ẹni tí ó ń pe ṣakabùlà tí a rọ lọ́dún tó kọjá ní àwòṣe. Bí alágbẹ̀dẹ bá fi páìpù irin ọkọ̀ ṣe ọ̀pá rẹ̀, ṣakabùlà náà ni, nítorí pé láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì sí ìgbà tí wọ́n sinmi ṣíṣe rẹ̀, ìyípadà tí ó bá sì dé bá a jẹ́ ara ìtàn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán. Àwọn díẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó já pátápátá, bíi Hacker Martin, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Tennessee, àti àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń yin ìbọn tí a ń ti ẹnu kì sílẹ̀ ní 1933, ẹgbẹ́ tí ó fi ìletò Friendship ní ìpínlẹ̀ Indiana ṣe ibùjókòó. Níbi tí okùn ti já ni ọ̀rọ̀ ojúlówó ti máa ń le, nítorí pé ẹni tí ó ń so ó padà ní láti yan ibi tí yóò ti dì í mú. Ilé iṣẹ́ Rochester yan ìrísí àti orúkọ. Bàbá Missouri yan iṣẹ́ ọwọ́. Yíyàn ni méjèèjì, ó sì yẹ kí a lè sọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀.

Ìtàn tí a fi ń ta irin

Ohun tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò sí lára irin rárá. Òun ni ìtàn tí a so mọ́ ìbọn. Àwọn àwòṣe Hawken pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn ènìyàn fi gbà pé gbogbo ọdẹ orí òkè ni ó gbé e. Ìpàdé ọdọọdún tí àwọn ọdẹ beaver máa ń ṣe lórí òkè bẹ̀rẹ̀ ní 1825, ó sì parí ní 1840. Ọ̀pọ̀ nínú ojúlówó Hawken tí a ṣì lè rí lónìí jẹ́ ti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ìyẹn. Ní ìgbà tí òwò beaver ń gbóná, ìbọn tí ẹgbẹ́ oníṣòwò ń kó lọ ní pọ̀ọ̀pọ̀ ni ti J. J. Henry láti Pennsylvania, àti ti Henry Leman tí ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lancaster ní 1834. Hawken wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Jim Bridger, olókìkí ọdẹ orí òkè, ní ọ̀kan, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìpínlẹ̀ Montana ní Helena, ṣùgbọ́n gbogbo ọdẹ kọ́ ni Bridger.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbọn tí ó pọ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ibi lórí ilẹ̀ náà kì í ṣe ráífù. Ìbọn òwò ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ni, fífúyẹ́, tí kò sí ìlà nínú ihò rẹ̀, tí àwòrán ejò idẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n ń rà á, wọ́n sì mọ irú èyí tí wọ́n fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í gba èyí tí ejò yìí kò bá sí lára rẹ̀. Bí a bá ń wá ìbọn kan tí yóò ṣojú ààlà Amẹ́ríkà, òun ni ó yẹ kí ó wà lórí ògiri, ẹni tí ó sì yẹ kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọdẹ onílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń gbàgbé àwọn aláwọ̀ dúdú. James Beckwourth, tí a bí sínú oko ẹrú ní Virginia, bá ẹgbẹ́ ọdẹ William Ashley lọ sí orí òkè ní 1824, ó gbé láàárín àwọn onílẹ̀ tí ń jẹ́ Crow fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà kan nínú òkè Sierra Nevada sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. York, ẹrú William Clark, bá ìrìn àjò tí ìjọba Amẹ́ríkà rán Lewis àti Clark láti yẹ ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn wò lọ dé Òkun Pàsífíìkì, ó sì gbé ìbọn, ó fi ṣọdẹ, ní àkókò tí òfin ìpínlẹ̀ púpọ̀ kò gbà kí ẹrú fọwọ́ kan ìbọn. Ẹni tí ó bá ń bínú pé sípíríngì kan kì í ṣe ti àtijọ́, tí kò sì bínú pé York kò sí nínú àwòrán, kò tíì mọ ibi tí àṣìṣe ńlá wà.

Ìrìn àjò kan náà yìí fún wa ní àpẹẹrẹ mìíràn. Meriwether Lewis dé ilé ìbọn ìjọba ní Harpers Ferry ní oṣù March 1803, ó sì gba ráífù 15 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòṣe ráífù ìjọba tí a mọ̀ sí ti 1803 ni a ti tà gẹ́gẹ́ bí ìbọn Lewis àti Clark. Ṣùgbọ́n oṣù May ọdún náà ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣe irú ráífù yẹn, àwọn onímọ̀ sì ti ń jiyàn láti ìgbà náà bóyá irú rẹ̀ ni Lewis gbé lọ tàbí ráífù àtijọ́ tí wọ́n gé kúrú. Ẹni tí ó bá gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ dé orí ìṣó tí ó kẹ́yìn ṣì lè máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Àkísà àgbà

Àṣà kan wà láàárín àwọn olùṣe ìbọn tí ó mọṣẹ́ jù lọ lónìí tí n kò fara mọ́ tán. Wọ́n a ṣe ìbọn tuntun, wọ́n a sì sọ ọ́ di arúgbó: wọ́n a fi oògùn jẹ irin rẹ̀ kí ó ní ìpẹtà, wọ́n a ha igi rẹ̀, wọ́n a fi òróró àti dúdú ẹ̀tù pa ibi tí ọwọ́ ọdẹ ì bá ti dọ̀tí fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ ga, mo sì gbà pé ó ń mú kí ojú wa mọ bí ìbọn ṣe ń gbó. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìbọn tí ọdẹ gbà ní St. Louis ní 1845 jẹ́ ìbọn tuntun. Irin rẹ̀ ń dán nínú àwọ̀ rẹ̀, igi rẹ̀ ń rùn fún òróró, kò sì sí ohun tí ó ti ha á lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí ọdẹ náà rí, àwòṣe tuntun ni ó yẹ kí ó wò.

Ewu kan tún wà nínú rẹ̀ tí ó kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìbọn tí a sọ di arúgbó lónìí yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la. Bí ẹni tí ó ṣe é bá kú, tí ọmọ rẹ̀ tà á, tí ẹni tí ó rà á kò mọ nǹkan, yóò di ojúlówó lórí tábìlì oníṣòwò, yóò sì wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ bí ẹ̀rí. Òfin kò lè gbà wá níbẹ̀. Òfin ìbọn ìjọba àpapọ̀ ti 1968 fi ìbọn àtijọ́ tí a ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀, àti àwòṣe irú rẹ̀ tí kò lè gba ọta ìgbàlódé, sínú ìsọ̀rí kan ṣoṣo, ó sì yọ wọ́n kúrò lára ohun tí ó pè ní ìbọn. N kò bá òfin náà wíjọ́, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ òfin láti ṣọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ìbọn ń jẹ́ lójú ẹni tí a bá kọjú rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Àwòṣe lè pa ènìyàn bí ojúlówó ti lè pa á, ìdí kan sì nìyí tí kò fi yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun ìṣeré.

Ohun tí ó lè gbà wá ni kí olùṣe fín orúkọ tirẹ̀ àti ọdún tí ó ṣe ìbọn sára ọ̀pá, jinlẹ̀jinlẹ̀, níbi tí fáìlì kò ti lè tètè pa á rẹ́. Àwọn Hawken fi orúkọ wọn sí orí ọ̀pá, Leman náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Hawken sí orí ọ̀pá tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tí kò sì fi tirẹ̀ sí i, ti fi ohun kan tí wọ́n ṣe sílẹ̀: wọ́n gba ẹ̀bi àti ìyìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Èyí tí èmi yóò rà

Mo ti dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Mo sọ fún un pé ojúlówó ìbọn Rochester ni, láti ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá ààlà wọn padà ní àwọn ọdún 1970, àti pé ìtàn ìgbà yẹn tó ìtàn. Mo ní kí ó kọ orúkọ bàbá ìyàwó rẹ̀ àti ọdún tí ó rà á sínú ìwé, kí ó tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìbọn náà, kí ó má sì yí idẹ rẹ̀ padà sí irin nítorí àtijọ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe.

Ní tèmi, bí owó bá yọ̀ǹda, n kò ní wá Hawken. Ráífù òwò bí ti Leman ni mo fẹ́, èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí a ra ọ̀pá àti ẹ̀rọ apátí rẹ̀ bí wọ́n ti ń rà á nígbà náà, tí sípíríngì ewé wà nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ tuntun láti òkè délẹ̀, tí orúkọ ẹni tí ó kó o jọ àti ọdún tí ó ṣe é sì wà lórí ọ̀pá rẹ̀ gbangba. Bàbá Missouri ní òun lè ṣe é. Ó ní ẹ̀rọ apátí ni yóò pẹ́ jù, nítorí ẹni tí òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oníbàárà púpọ̀ níwájú òun.